Ìkòkò Ló Yẹ Mángòrò Yìí, Kì Í Ṣe Àkìtàn

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá la sábà máa ń kà lójú ewé yìí. Tèmi lónìí, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í se èso jẹ, nílé wa àti nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, nítorí pé èyí tí a ń dà nù ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n ro ẹjọ́ mi.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, mo lọ lo ìsinmi nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ ohun tí oṣù kẹrin jẹ́ níbẹ̀: ìgbà mángòrò ni. Ó wà lórí igi, ó wà lábẹ́ igi, ó wà nínú agbọ̀n lẹ́bàá títì, àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ títí omi rẹ̀ fi ń ṣàn dé ìgúnpá wọn. Ìyá mi ń tà á. Nínú owó èso ni wọ́n ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ fi ran bàbá mi lọ́wọ́ lórí owó ilé-ìwé èmi àti àwọn àbúrò mi méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo igi bá so lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń tà á a pọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ, mángòrò kì í sì í dúró de oníbàárà. Ní alẹ́ Sátidé kan, ìyá mi gbé agbọ̀n kan àtààbọ̀ lọ sórí àkìtàn ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dà á síbẹ̀, wọ́n gbọn agbọ̀n náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì wọlé láìsọ nǹkan kan. Ewúrẹ́ àdúgbò ló jẹ owó wa mọ́jú.

Nínú ilé kan náà, ìyá bàbá mi jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún, eyín tó kù lẹ́nu wọn kò sì pé márùn-ún. Mángòrò ìbílẹ̀ wa ní fọ́nrán púpọ̀, ó máa ń há sí erìgì. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò kàn lè jẹ ẹ́ mọ́ ni. Tí a bá fún wọn ní ọ̀kan, wọn a gbé e sí imú, wọn a gbóòórùn rẹ̀, wọn a ní kí a gbé e fún àwọn ọmọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wo èyí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ohun tó ń wù wọ́n ní pálọ̀ ni ohun tó ń jẹrà lẹ́yìnkùlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣa àwọn tó ti rọ̀ jù fún títà ṣùgbọ́n tí kò tíì bàjẹ́. Mo fọ̀ wọ́n, mo bẹ wọ́n, mo gé ara wọn kúrò lára kóró, mo kó wọn sínú ìkòkò pẹ̀lú omi ìdajì ife àti atalẹ̀ díẹ̀. Mo fi ọmọrogùn kékeré rò ó lórí iná tí kò le, títí ó fi rọ̀ pátápátá. Nígbà tó tutù díẹ̀, mo mú asẹ́ tí ìyá mi fi ń sẹ́ ògì, mo sẹ́ ẹ. Fọ́nrán dúró sókè, èyí tó bọ́ sísàlẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Ìyá àgbà jẹ abọ́ kan tán, wọ́n ní kí n bù sí i. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyí?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Ó yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ yín."

Ìyá mi tọ́ ọ wò pẹ̀lú, wọ́n sì béèrè pé, "Kí là ń pe èyí?" Mo dákẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é. Màá padà sórí ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí mo padà sí iléèwé, tí mo gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kaná, ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ara ẹ yá báyìí? Ta ló ń se èso?" Ìdáhùn mi ni pé gbogbo wa ni. Tòmátì tí a ń lọ̀ tí a ń sè lójoojúmọ́, èso ni. Ata rodo, tàtàṣé, ìkàn àti ilá, èso ni gbogbo wọn lójú onímọ̀ ewéko, nítorí pé láti ara òdòdó ni wọ́n ti jáde, wọ́n sì gbé irúgbìn sínú. Elégédé náà ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èso ni. A ń sè é, a ń sun ún ní bọ̀ọ̀lì, a ń dín in ní dòdò. Ẹyìn tí a ń sè kí a tó gún un, kí a tó rí epo pupa fún, èso ni. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: ẹyìn ni mo wí, n kò wí pé ẹyin adìẹ. Bí a bá yọ èso sísè kúrò nínú oúnjẹ Yorùbá, kò ní sí ọbẹ̀ ata, kò sì ní sí epo tí a ó fi se ẹ̀fọ́.

Iṣin ńkọ́? Igi ilẹ̀ wa ni, àwọn àgbà wa sì mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ là fúnra rẹ̀ lórí igi kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́, nítorí pé májèlé wà nínú èyí tí kò tíì pọ́n. Èso yìí kan náà sọdá òkun lọ sí Jamaica nígbà òwò ẹrú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é pẹ̀lú ẹja oníyọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di oúnjẹ tí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn fi ń yangàn. Níbí, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jẹ́ ọmọ ogún ọdún ó lé kò mọ igi rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní a kì í se èso kò wo inú ìkòkò ìyá rẹ̀ dáadáa. Ohun tí a kì í sábà ṣe ni pé kí a se èso tó dùn. A ti pín èso sí ọ̀nà méjì lọ́kàn wa: èyí tó ta tàbí tó korò lọ sínú ọbẹ̀, èyí tó dùn lọ sẹ́nu ní tútù. Àṣà ni, kì í ṣe òfin. Dòdò ti rú u láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sí ẹni tó mú dòdò lọ sílé ẹjọ́.

Ẹlòmíràn á ní oúnjẹ òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń se èso tiwọn nínú omi àti ṣúgà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ibi tí nǹkan ti wá lé e kúrò nídìí ààrò wa, ta ni yóò kù? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòmátì, ata, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá. Ibẹ̀ náà ni ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti wá, ilẹ̀ Éṣíà sì ni mángòrò ti wá. Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa rí èso àjèjì, wọ́n wo ewé orí rẹ̀, wọ́n rántí ọ̀pẹ, wọ́n fi òyìnbó kún un, wọ́n sì ń bá jíjẹ wọn lọ. Wọn kò bẹ̀rù pé yóò sọ wọ́n di òyìnbó.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Èkó. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n gbé fréjọ̀n wá. Ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn àti ṣúgà sè ni, ó sì jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì Rere fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Orúkọ náà wá láti ara feijão, ọ̀rọ̀ èdè Potogí fún ẹ̀wà. Àgbọn àti ṣúgà nínú ẹ̀wà: bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lónìí, á ní kò bójú mu. Lónìí oúnjẹ Èkó ni. Ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí wà títí di òní, wọ́n ń se gúáfà nínú ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Brazil náà. Oòrùn tiwọn kò yàtọ̀ sí tiwa, èso tiwọn náà kì í dúró. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ó wá ku ìbéèrè ìyá mi. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo jókòó, mo ń ka orúkọ sókè. Mo ní "èso sísè". Ó dà bí ìdáhùn ìdánwò. Mo ní "ọbẹ̀ èso". Àbúrò mi béèrè ibi tí ẹran wà. Mo ní "jáàmù", ṣùgbọ́n jáàmù yàtọ̀: ṣúgà rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó sì máa ń dì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa: sè, bọ̀, dín, yan, sun, rò, tẹ̀. Mo mọ gbogbo wọn. Mo tilẹ̀ lè sọ ìdí tí a fi ń sọ pé "mo sè é" ṣùgbọ́n tí a ń sọ pé "mo se ẹ̀wà", tí ohùn ìsàlẹ̀ á di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ orúkọ kò jáde. Ìyá àgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ mi láti orí àga wọn ló dá mi lóhùn: "Kí lo fi ọmọrogùn ṣe nínú ìkòkò? Ṣebí o rò ó ni. Ẹ̀fọ́ tí a rò ń jẹ́ ẹ̀fọ́ rírò. Mángòrò rírò ni."

Ó tán. Wọn kò lọ sí ilé-ìwé rárá, ṣùgbọ́n wọ́n mú ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá iṣẹ́ ọwọ́ mu, wọ́n ṣe àpètúnpè rẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí orúkọ tí gbogbo ilé ti mọ̀. Ó sì tọ́ gan-an. Bí a bá bọ ìrẹsì, a ń da omi rẹ̀ nù; èyí tí a rò kì í da omi nù, omi ara rẹ̀ ni ó fi ń jinná. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó rírò, ìbẹ́pẹ rírò: gbogbo wọn ti ní orúkọ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kan ẹ̀ka wa gbọ̀ngbọ̀n. A máa ń jókòó sí láíbìrì, a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí a kò tíì fi Yorùbá ṣe rí, lẹ́yìn náà a ó máa ṣàròyé pé ọ̀rọ̀ náà kò ràn. Ọ̀rọ̀ a máa ràn nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣe nǹkan náà. Bí mi ò bá gbé ìkòkò kaná lọ́jọ́ yẹn, kò sí ohun tí ìyá àgbà ìbá sọ lórúkọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, kí ẹ má baà ní mo fi ọ̀rọ̀ lásán dá yín lára yá. Fún mángòrò tó pọ́n mẹ́fà, omi ìdajì ife tó. Ẹ gé atalẹ̀ tó tó orí àtàǹpàkò sí i, kànáfùrù méjì, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan. Iná tí kò le, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ máa rò ó kó má baà jóná nísàlẹ̀. Mángòrò tó pọ́n dáadáa kò nílò ṣúgà. Ṣíbí kan tó fún èyí tó bá kan. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò fẹ́ ju omi ṣíbí méjì lọ, nítorí pé omi tirẹ̀ yóò jáde bí iná bá ti kàn án. Ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 25. Ìbẹ́pẹ kì í pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọsàn wẹ́wẹ́ nítorí pé ìbẹ́pẹ kò ní kíkan lára. Ẹ yọ kànáfùrù kúrò kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ó bá ògì mu, ó bá búrẹ́dì mu, ó sì dùn jẹ lásán. Àgbálùmọ̀ àti ọsàn ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní tútù. Wọn kò ṣẹ̀ wá.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tilẹ̀ ní èrè tirẹ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bromelain wà nínú èyí tó wà ní tútù. Ohun tí ó máa ń ṣe sí ẹran ni ó ń ṣe sí ahọ́n wa, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ta wá lẹ́nu bí a bá jẹ ẹ́ púpọ̀. Iná máa ń pa agbára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó béèrè bóyá ara mi yá, ahọ́n rẹ̀ kì í gba ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù rárá. Òun ló fi búrẹ́dì nu ìkòkò náà.

Mo ti gbọ́ àwọn àtakò, díẹ̀ nínú wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní iná máa ń dín fítámì C kù. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá ní eyín, tí mángòrò yín sì dára, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí àkìtàn kò fún ẹnikẹ́ni ní fítámì kankan. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun tó mú ara mángòrò àti ìbẹ́pẹ pọ́n yòò, èyí tí ara wa ń sọ di fítámì A, kì í tètè bá iná lọ. Wọ́n ní gáàsì wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí à ń sè fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ogún ìṣẹ́jú ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Wọ́n ní ìkòkò wa kéré. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ohun méjì ni n kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àkọ́kọ́, èso tó rọ̀ àti èso tó bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó bá ti hu irun funfun, tó ń rùn bí ọtí, tàbí tí kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, àkìtàn ló yẹ ẹ́ lóòótọ́. Sísè kò lè sọ ọ́ di rere. Èkejì, ẹ má gbé e sílẹ̀ mọ́jú lórí tábìlì. Ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́ tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Níbi tí iná NEPA kò bá ti dúró, ẹ se èyí tí ẹ lè jẹ tán lọ́jọ́ náà, kí ẹ pe aládùúgbò. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè, nítorí ṣúgà ara èso kò kúrò nínú rẹ̀ bí a bá tilẹ̀ sè é.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Ìkòkò kan kò lè gba agbọ̀n kan àtààbọ̀. Ohun tí àwọn ìyá wa nílò ni ọ̀nà tó dára, iná tó dúró àti ilé-iṣẹ́ tí yóò ra èso lọ́wọ́ wọn kó tó rọ̀, n kò sì ní fi ọmọrogùn dípò ìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, agbọ̀n ṣì dé àkìtàn wa. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́, ìyá mi máa ń kọ́kọ́ ṣa àwọn tó ti rọ̀ sọ́tọ̀, a sì ń rò wọ́n. Ilé mẹ́ta ládùúgbò tí arúgbó wà ń rán ọmọ wá pẹ̀lú abọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà kì í gbé mángòrò sí imú mọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Abọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ yà lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta èso lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà iléèwé, kí ẹ bèèrè èyí tó ti rọ̀. Wọn á dín owó rẹ̀ fún yín, inú wọn á sì dùn pé wọn kò ní gbé e padà sílé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ní ilé àti ààrò tiyín, ẹ rántí àwọn tí eyín wọn ti ń kán lọ́dọ̀ yín. Ohun tí a bá ní là á náání. Ìgbà mángòrò kò pẹ́ rárá. Ẹ gbé ìkòkò kaná.